Bí ẹ̀kú bá wúwo jù, eégún kò ní í lè jó

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ló fi bojú. Ẹ má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, kí ẹ ní ẹ ti dàgbà ju ẹni tó ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà lọ. Bí ẹ̀yin kò bá ṣe é, ọmọ yín ń ṣe é. Bí ọmọ yín kò bá ṣe é, àbúrò yín tó wà ní yunifásítì ń ṣe é. Ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ níwájú yín, tí yóò ní, "Dádì, kọ̀ǹpútà yìí kò gbé géèmù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ra òmíràn." Ohun tí ẹ bá mọ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò sọ bóyá owó gọbọi yóò jáde lápò yín, tàbí kò ní í jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn yìí. Wọ́n á ní géèmù náà ń fà. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹni tó wà nínú eré fò, ìgbà tí onítọ̀hún bá ti já sí kòtò tán ni yóò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fò. Wọ́n á yí ojú sọ́tùn-ún, àwòrán á dúró gbagidi, lẹ́yìn náà ni yóò ta kọ́ńkọ́ láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Àgbà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á rò pé ariwo lásán ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ló ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó. Ohun tó ń ṣe wọ́n ní ìdí, ó ní òṣùwọ̀n, ó sì ní ìwòsàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwòsàn náà kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwòrán tó ń rìn lójú ẹ̀rọ kì í rìn ní tòótọ́. Àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ ni, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tí wọ́n ń yára tẹ̀lé ara wọn débi pé ojú wa kò rí ààlà wọn mọ́. Láti ìgbà tí fíìmù sinimá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn ní ìparí àwọn ọdún 1920, àwòrán 24 ni wọ́n fi ń ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tí a fi dàgbà ní Nàìjíríà, àwòrán 25 ni tirẹ̀. Nínú géèmù, iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà lè yà tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń pè ní fps, òun sì ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, bí 24 bá tó fún sinimá, kí ló dé tí ọmọ òun fi ní 30 kò tẹ́ òun lọ́rùn, tó ní 60 lòun ń wá? Ìbéèrè gidi ni. Fíìmù, wọ́n ti yà á tán kó tó dé iwájú wa. Ìjókòó la jókòó wò ó, ọwọ́ wa kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n géèmù, ìgbà tí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì ni ẹ̀rọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí yóò yà. Àwòrán ibẹ̀, èsì ni. Bí èsì bá pẹ́, ọwọ́ àti ojú kò ní í bára wọn mu mọ́, eré á sì bàjẹ́.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000. Bí ẹ̀rọ yóò bá ya àwòrán 60 láàárín rẹ̀, ìdá bí 16.7 péré ló wà fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 30, ìdá 33.3 ló wà fún un. Bí ó bá jẹ́ 20, ìdá 50 ni. Láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú ojú yẹn ni ẹ̀rọ yóò ti ṣírò ibi tí gbogbo nǹkan wà, ibi tí oòrùn ti ń ràn, ibi tí òjìji ṣubú sí, bí omi ṣe ń dán, kí ó tó wá fi àwọ̀ kun gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ṣe é tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti òdo. Gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tí a bá ní kí ó fi kún un, inú àkókò kan náà ni yóò ti yọ ọ́.

Ẹ wo eégún aláré. Ẹ̀kú rẹ̀ ló gbé e níyì, òun ló sì mú kí àwọn èrò ìran pé jọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to aṣọ lé e lórí títí tí kò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́, kí ni ìran tó kù láti wò? Onílù á máa lù, àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́, eégún á dúró bí òpó. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù tí wọ́n gbé gbogbo ọ̀ṣọ́ lé lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára rẹ̀. Bí a bá ya fọ́tò rẹ̀, ó rẹwà. Bí a bá ní kí ó rìn, kò lè rìn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fi géèmù kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọdé mọ̀ bí ẹni mowó. Minecraft ni. Ọmọ ilẹ̀ Swídìn kan, Markus Persson, ló ṣe é. Oṣù karùn-ún ọdún 2009 ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí i lò, oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni ó sì jáde ní odidi. Lọ́dún 2014, Microsoft ra Mojang, ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù náà, ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2023, wọ́n kéde pé èyí tí wọ́n ti tà ti lé ní mílíọ̀nù 300. Ayé oníbúlọ́ọ̀kù ni ayé rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀, igi ibẹ̀, omi ibẹ̀, àní màlúù ibẹ̀ pàápàá, onígun mẹ́rin ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Òbí tó bá wò ó á ní, "Nǹkan tó dà bí páálí yìí náà ni kọ̀ǹpútà kò lè gbé?" Àṣìṣe ni. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, òkè tí ẹ rí lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ti mọ ọ́n sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ ẹ. Nínú Minecraft, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn búlọ́ọ̀kù ni ọmọ lè wú kúrò nílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó pín ilẹ̀ rẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, bí àwọn sàfíyọ̀ ti ń ṣe. Pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ búlọ́ọ̀kù 16 ní ìbú àti 16 ní òró. Láti ìgbà àtúnṣe tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, gíga rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ búlọ́ọ̀kù 384, nígbà tó jẹ́ pé 256 ni tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé àyè búlọ́ọ̀kù 98,304 ló wà nínú pulọ́ọ̀tì ẹyọ kan. Bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà òun gbé géèmù yìí dáadáa kí ọdún 2021 tó parí, tí kò sì gbé e bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ má pè é ní òpùrọ́. Ẹ̀rọ kò yí padà, ẹrù ló wúwo sí i.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ni pé kí a wọn àìsàn náà kí a tó lo oògùn. Nínú Minecraft ti orí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní Java Edition, bí a bá tẹ bọ́tìnnì F3, àwọn ìlà ọ̀rọ̀ á jáde sí ojú ẹ̀rọ, nọ́ńbà fps á sì wà láàárín wọn lápá òsì lókè. Lórí àwọn láàpútọ́ọ̀pù míràn, Fn àti F3 la ó tẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró sójú kan, kí ó kọjú síbi tí igi pọ̀ sí, kí ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Bí ó bá jẹ́ pé 60 ni ó ń sọ, tí ọmọ sì ṣì ń ráhùn pé géèmù ń fà nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kí a fura sí. Kò sí kọ̀ǹpútà tuntun tó lè wo àìsàn nẹ́tíwọ́ọ̀kì sàn.

Bí nọ́ńbà náà bá wà ní 15 tàbí 20, ẹ jẹ́ ká ṣí ibi tí wọ́n kọ Options sí, lẹ́yìn náà Video Settings. Ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ kọ́kọ́ kàn níbẹ̀ ni Render Distance, ìyẹn bí ojú ẹni tó wà nínú eré ṣe lè ríran jìnnà tó. Iye pulọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń kà á. Bí a bá gbé e sí 12, pulọ́ọ̀tì 12 lápá ọ̀tún, 12 lápá òsì, àti ọ̀kan tí èèyàn dúró sí, ó di 25. Bákan náà ni níwájú àti lẹ́yìn. Ìlọ́po 25 ní ọ̀nà 25 jẹ́ 625. Bí a bá gbé e wálẹ̀ sí 8, ó di 17 ní ọ̀nà 17, ìyẹn 289. Bí a bá gbé e sí 6, ó di 169. Ẹni tó bá wá fi ìwà ọ̀kánjúà gbé e lọ sí 32, pulọ́ọ̀tì 4,225 ló kó lé ẹ̀rọ lórí.

Ẹ ò rí nǹkan? Láti 12 sí 8 dà bí ohun tí kò tó nǹkan lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ó ju ìdajì ẹrù lọ tó ti bọ́ sílẹ̀. Kí ni ọmọ pàdánù? Òkè tó wà lọ́nà jíjìn ni kùrukùru bò, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú tí a kò rí òpin títì. Ilé tó ń kọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀, oko rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀tá tó ń lé e bọ̀ ṣì hàn kedere. Ohun tí kò lò ni a mú kúrò, kí ohun tó ń lò lè yá.

Lẹ́yìn èyí, a lè wá kan àwọn ọ̀ṣọ́ yòókù. Ìpele àwòrán tí wọ́n kọ Fabulous sí wúwo ju Fancy lọ, Fancy náà sì wúwo ju Fast lọ. Ara ohun tó ya Fancy àti Fast sọ́tọ̀ ni ewé igi: nínú Fancy, a ń rí ojú ọ̀run láàárín ewé, nínú Fast, ewé dí pa. Kùrukùru ojú ọ̀run tí wọ́n kọ Clouds sí, a lè pa á. Particles ni èéfín, ìtàpárá iná àti ẹ̀kán omi, a lè dín in kù. Entity Shadows ni òjìji ẹsẹ̀ àwọn ẹranko àti èèyàn, kò sí ẹni tí yóò sunkún bí kò bá sí níbẹ̀. Simulation Distance, tó wọlé lọ́dún 2021, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwòrán. Òun ló ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó tí àwọn ẹranko yóò máa rìn, tí ohun ọ̀gbìn yóò máa hù. Bí a bá dín in kù, ọpọlọ ẹ̀rọ ni a tu lára.

Ṣùgbọ́n o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ó yí ẹyọ kan, kí ó padà síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá gòkè dáadáa, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mira, kí ó dá ọ̀ṣọ́ náà padà sáyè rẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí a ó fi pàdánù ẹwà tí kò ná wa ní nǹkan. Ọmọ tó bá ṣe èyí ní ìrọ̀lẹ́ kan péré yóò mọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju ẹni tó tà á fún un lọ.

Ó tún yẹ ká mọ ẹni tó ń jáfara láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Méjì ni wọ́n nínú kọ̀ǹpútà. Bí ilé kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn rí, níbi tí lébìrà ti ń po sìmẹ́ǹtì, tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù. Ọpọlọ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní CPU, ni lébìrà: òun ló ń ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eré. Káàdì àwòrán, GPU, ni bíríkìlà tó ń ya ohun tí a fojú rí. Bí lébìrà bá lọ́ra, bíríkìlà á káwọ́ gbera, iṣẹ́ kò sì ní í tẹ̀ síwájú, kódà bí a bá gbé bíríkìlà mẹ́ta míràn wá. Ẹ wá rí i pé ẹni tó lọ ra káàdì àwòrán olówó ńlá nígbà tó jẹ́ pé CPU ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, owó rẹ̀ ló sọ sómi.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ibì kan wà tí wọ́n kọ Resolution sí. Iye àmì tíńtìntín tí a fi ń ya àwòrán kan ni. Ojú ẹ̀rọ tó jẹ́ 1920 ní ọ̀nà 1080 ní àmì 2,073,600. Èyí tó jẹ́ 1280 ní ọ̀nà 720 ní 921,600, kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K, 3840 ní ọ̀nà 2160, ní 8,294,400. Ẹ gbé Resolution wálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà. Bí fps bá fò sókè, káàdì àwòrán ni ẹrù pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá mira rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé CPU ló ń jáfara, kí a wá dín ohun tó ń fún CPU níṣẹ́ kù, bí iye èèyàn àti ọkọ̀ tó ń rìn ní ìgboro inú eré. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì lè gba èèyàn lọ́wọ́ gbèsè.

Nínú àwọn géèmù ńláńlá tó jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, òjìji ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún ayé wò láti ojú oòrùn kó tó mọ ibi tí òjìji yóò ṣubú sí. Ray tracing, tó ń tọpa ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wúwo ju òjìji lásán lọ. Kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lágbára pa á pátápátá. Textures, ìyẹn bí ojú ògiri àti aṣọ ṣe dán mọ́rán tó, kì í sábà fa ẹ̀rọ sẹ́yìn bí ìrántí káàdì bá tó o. Ṣùgbọ́n bí kò bá tó, eré á máa ta kọ́ńkọ́. Ọgbọ́n kan tún wà tó dé láìpẹ́. Nvidia gbé èyí tó ń jẹ́ DLSS jáde lọ́dún 2018, AMD sì gbé FSR jáde lọ́dún 2021. Ẹ̀rọ á ya àwòrán ní kékeré, yóò sì fi ọgbọ́n nà án tóbi. DLSS kì í ṣiṣẹ́ lórí káàdì àtijọ́, ṣùgbọ́n FSR àkọ́kọ́ kò yan káàdì láàyò, èyí sì jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹni tó ń lo tòkunbọ̀.

Bí ọmọ bá wá ní ojú ń ti òun láti dín ọ̀ṣọ́ kù, pé àwọn ọ̀rẹ́ òun á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ sọ ìtàn Doom fún un. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà gbé géèmù náà jáde, òun sì wà lára àwọn tó sọ géèmù ìbọn yínyìn di ìlú-mọ̀ọ́ká. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn kò rí bákan náà. Wọ́n fi bọ́tìnnì sí i tí èèyàn lè fi sọ fèrèsé eré di kékeré lójú ẹ̀rọ, tí férémù yóò yí i ká. Wọ́n tún fi òmíràn sí i tó ń sọ àwòrán di gàdàgbà kó lè yára. Pẹ̀lú gbogbo agbára tí ẹ̀rọ lè ní nígbà náà, géèmù náà kò ju àwòrán 35 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń ṣe é nínú fèrèsé kékeré yẹn, ìtàn kò kà wọ́n sí òtòṣì. Eré ni wọ́n wá ṣe, wọ́n sì ṣe é.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 27 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan náà gẹ́lẹ́. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2020 ni CD Projekt ti ilẹ̀ Pólándì gbé Cyberpunk 2077 jáde. Lórí kọ̀ǹpútà alágbára, ó rẹwà bí ìyàwó ọjọ́ kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n lórí PlayStation 4 àti Xbox One, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀rọ ọdún 2013, ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tó ra ẹ̀rọ PlayStation kò ní Video Settings tó pọ̀ bíi ti oníkọ̀ǹpútà. Ohun tí àwọn tó ṣe géèmù bá gbé lé e lórí ni yóò rù. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ géèmù náà kúrò nínú ìsọ̀ rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ní àwọn yóò dá owó padà fún ẹni tó bá fẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n tó gbà á padà. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni o, owó ńlá ni wọ́n ná, síbẹ̀ ẹ̀kú wúwo ju eégún lọ. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, tó ní àǹfààní láti bọ́ ẹ̀kú díẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sì lò ó, kí la ó ti pe tirẹ̀?

Àwọn nǹkan kan tún wà tí kò sí nínú géèmù rárá. Ooru wà lára wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan àwa tí à ń gbé ilẹ̀ yìí gidigidi. Bí inú kọ̀ǹpútà bá gbóná jù, ẹ̀rọ á dín eré sísá rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì, tí fóòmù dí ihò atẹ́gùn rẹ̀, tí eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta sì kún inú fáànù rẹ̀, á yá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kì í ṣe ogbó ló ń ṣe é, ìmí ni kò rí mí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Bí ojú ẹ̀rọ bá sì jẹ́ èyí tí kò lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi òté lé fps ní 60 níbi tí wọ́n kọ Max Framerate sí. Àwòrán tó bá lé sí i, ooru lásán ló ń dà.

Iná mànàmáná náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù ló máa ń dín agbára ara wọn kù nígbà tí wọ́n bá wà lórí bátìrì, kí bátìrì lè pẹ́. Ọmọ tó ń ṣe géèmù lẹ́yìn tí iná ti lọ kò lè retí pé kó rí bíi ti ìgbà tí iná wà. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan ní káàdì àwòrán méjì, ọ̀kan kékeré fún lẹ́tà kíkọ, ọ̀kan ńlá fún iṣẹ́ agbára. Nígbà míràn, kékeré ni géèmù ń lò, tí ńlá ń sùn. Lórí Windows 10 àti 11, a lè yan èyí tí géèmù yóò lò láti Settings, kí a wọ System, Display, kí a wá tẹ Graphics. Ẹni tí kò yẹ ibẹ̀ wò tó lọ ra ẹ̀rọ tuntun dà bí ẹni tó lọ yá màlúù aládùúgbò, tí tirẹ̀ so mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Mi ò sọ pé kò sí ẹ̀rọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá géèmù. Ó wà. Bí a bá ti ṣe gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, tí nọ́ńbà ṣì wà ní 12, á jẹ́ pé òótọ́ ni ọmọ ń sọ. Ṣùgbọ́n kódà nígbà náà, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Òǹtajà lè sọ pé kí ẹ fi SSD sí i, géèmù á sì yá. SSD dára, géèmù á tètè ṣí, kò ní í pẹ́ kó tó wọlé; ṣùgbọ́n kì í sábà fi kún iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó jẹ́ pé inú RAM ni iṣẹ́ àwòrán ti ń yá àyè lò, bí ó bá jẹ́ ẹyọ RAM kan ló wà níbẹ̀, fífi èkejì tó bá a mu kún un sábà máa ń mú ìyàtọ̀ tó hàn wá, owó rẹ̀ kò sì tó ti kọ̀ǹpútà tuntun. Fún àwọn oní-Minecraft, OptiFine àti Sodium wà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n ń tún bí géèmù náà ṣe ń ya àwòrán tò, a kì í sì í fowó rà wọ́n. Kí ọmọ rí i pé ojúlé àwọn tó ṣe wọ́n gan-an ni òun ti gbà wọ́n, nítorí àwọn oníjìbìtì máa ń fi orúkọ bẹ́ẹ̀ kó kòkòrò sínú kọ̀ǹpútà èèyàn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá dé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì sáré lọ sí báńkì. Ẹ fún un ní bébà àti bírò. Ẹ ní kí ó kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń sọ kó tó yí ohunkóhun, kí ó kọ ohun tó yí, kí ó kọ nọ́ńbà tó rí lẹ́yìn rẹ̀, kí ó wá fi hàn yín. Bí ó bá rí ìwòsàn, owó yín wà lápò, eré rẹ̀ sì dùn. Bí kò bá rí i, bébà yẹn ni yóò sọ ohun tó kù láti rà gan-an, kò sì ní í sí òǹtajà tí yóò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn tan yín. Èyí tó ga jù nínú rẹ̀ ni pé ọmọ náà yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ìdí àìsàn ẹ̀rọ: kí a wọn ọ́n, kí a yí ohun kan ṣoṣo, kí a tún un wọ̀n. Iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà fi ń jẹun nìyẹn, ilé yín ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.